Orúkọ Àjàgbé Nínú Kọ̀ǹpútà Ilé Iṣẹ́ Oníke

Mùfútáù Àjàgbé Ọ̀pó, ọmọ Ọ̀pómúléró, ọmọ Mọjà Àlekàn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété! Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un. Òun ló yẹ kó sin mí.

Ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ìkejà la ti pàdé, láyé ìjọba ológun. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ìdí ẹ̀rọ tó ń yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo wà kí wọ́n tó ní kí n wá máa fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé ẹrù tí ọkọ̀ fi ń kẹ́rù jáde. Mùfútáù ló ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ mi àtijọ́ ló fi ṣàlàyé fún mi.

"Bọ̀dá Tìjání, ẹ ṣáà mọ mọ́ọ̀dù, irin tó ń fún bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìrísí? Irin kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ. Ohun tá à ń pè ní kíláàsì nìyẹn."

Ó ní èèyàn lè rọ kíláàsì kékeré sínú ńlá. Gbogbo ohun tó wà nínú ńlá, kékeré á máa rí i. Òmíràn ò tiẹ̀ lórúkọ. Ojú ibi tí a ti fẹ́ lò ó la ti máa rọ ọ́, fún iṣẹ́ ẹyọ kan.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lórúkọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, iná fẹ́ẹ́ lọ, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ!"

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Inú ojú ìwé ẹrù kọ̀ọ̀kan ló rọ aláìlórúkọ yìí sí, ó wá fà á lé aago kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kí aago máa pè é ṣiṣẹ́. Tí mo bá ti ojú ìwé náà pa, aago ṣì di kékeré mú, kékeré ṣì di ńlá, ìyẹn ojú ìwé náà, mú. Ìkankan ò lọ. Inú kọ̀ǹpútà á kún, á dákú, ọkọ̀ akẹ́rù á tò dé títì.

Ọ̀gá Sóládoyè, mánijà wa, lé Mùfútáù lẹ́nu iṣẹ́. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, sì ti gbọ́n ìlú gbẹ. Ẹni tó bá bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ó bọ́ nìyẹn.

Ilé ló ti ronú kan ohun tó fà á. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìfàkọ̀ wá. Sulé tó ń ṣọ́ géètì ò ṣí i.

"Alájì, ẹ máà bínú o. Ọ̀gá ní tí n bá ṣí i, èmi náà á bá yín lọ."

Wọ́n bá pè mí. Àárín irin géètì ni Mùfútáù ti sọ fún mi: "Ẹ yọ kékeré yẹn síta, kó dá dúró, kó má di ńlá mú mọ́. Ẹ wá fún un lórúkọ."

Àjàgbé ni mo sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ò dákú mọ́. Mo bẹ Ọ̀gá Sóládoyè pé Mùfútáù ló tún un ṣe, kí wọ́n pè é padà.

"Ó ṣáà ti ń ṣiṣẹ́. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Mo lọ ròyìn fún un ní Dópẹ̀mú, níbi tó ti ń tún rédíò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Orúkọ mi wá wà nínú ilé tí wọn ò jẹ́ kí n wọ̀!" Ó gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Mo ní màá wá ọjọ́ tí ọ̀gá ò ní sí nílé. Kí ọjọ́ náà tó dé, ilé iṣẹ́ kógbá wọlé, wọ́n sì kó kọ̀ǹpútà lọ. Mùfútáù ò kọ ètò mìíràn mọ́. Títí tó fi darúgbó ló ń bi mí pé, "Àjàgbé yẹn, ṣé ẹ kọ ọ́ dáadáa?"

Màá ní mo kọ ọ́ dáadáa.

Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, la sin Mùfútáù sí Ìfàkọ̀.