Bàbá Wasfi Tọrọ Rudayna fún Kọ̀ǹpútà

Títí di òní, tí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Wasfi ní ìlú Irbid, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń rántí ni ọjọ́ tó kó àwọn àgbà àdúgbò lẹ́yìn, tí gbogbo wọn wọ aṣọ ńlá, tí wọ́n gba ilé Bàbá Haytham lọ. Nílùú yẹn, àwọn àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ wọlé ẹni lásán. Bí wọn ò bá wá parí ìjà, ìyàwó ni wọ́n wá tọrọ. Bàbá Haytham ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ́mọbìnrin kan nílé, Rudayna, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì.

Inú kíṣìnnì ni Rudayna wà nígbà tí wọ́n wọlé. Omi ayọ̀ ti lé sójú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ta ló fẹ́ fẹ́ mi?"

"Èmi ni kí n mọ̀? Gbé kọ́fí jáde, kó o sì rọra rìn!"

Wọ́n bu kọ́fí fún Bàbá Wasfi, olórí wọn. Ó gbé ife kalẹ̀. Bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: kò ní í fẹnu kàn án títí onílé á fi gbà.

"Ẹ mu kọ́fí yín," ni Bàbá Haytham wí.

"Mi ò mu. Ọ̀rọ̀ Rudayna la bá wá."

"Ọmọ yín ni. Ta ni ọkọ?"

"Kò sọ́kọ. A wá bẹ̀ yín ni, pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀kọ́ áàpù fóònù sílẹ̀, kó lọ kọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà."

 Alàgbà kan tó tìtorí ọjọ́ náà fá irùngbọ̀n rẹ̀ rọra sọ sí Bàbá Wasfi létí: "Ṣé a ò wá ní í jẹ kunafa, ìpápánu dídùn ìdána, mọ́ ni?"

Ẹ má bínú sí i. Bàbá Wasfi ò sọ ohun tó ń bá lọ fún ìkankan nínú wọn.

Kọ̀ǹpútà ló fi jẹun títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ló gba yàrá kan lókè ilé oní-falafel, ẹni tó ń dín àkàrà ilẹ̀ wọn, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Falafel máa ń rùn nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà sì dùn. Àmọ́ olóríkunkun ni! Ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá a lọ́jọ́ kan, ó lóun fẹ́ kọ́ èdè kọ̀ǹpútà méje lásìkò ìsinmi.

"Méje? Ṣé o fẹ́ pàtẹ ni? Ọ̀kan."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ márùn-ún."

"Ọ̀kan, kó o mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run."

Bàbá Wasfi dìde, ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà bí oníbàárà tó fẹ́ lọ wo ìsọ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ yàrá tirẹ̀ ló ń jáde kúrò níbẹ̀ o! Ọmọ náà sáré dì í lápá mú. "Ó dáa, ó dáa, méjì!" Méjì ni wọ́n fi parí ẹ̀, ọmọ sì tún ń dúpẹ́.

Òun náà máa ń ṣàṣìṣe. Nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ló ń sọ káàkiri Irbid pé nǹkan ìgbà díẹ̀ ni, pé kò ní í pẹ́ sú àwọn èèyàn. Ìyàwó rẹ̀ fi fóònù pè é pé kó dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kì í ṣe àwàdà fún Rudayna. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lòun á rán an lọ. Bí kò bá ríṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, kó lọ dúró sílé oògùn ẹ̀gbọ́n òun, kó máa ta panadó. Nizar, ìbátan wọn tó wà ní Dubai, sì ti tẹ̀ wọ́n láago pé áàpù fóònù ló lòde. Rudayna ò fẹ́ràn áàpù. Kí bọ́tìnnì pupa, kó dúdú, kò kàn án. Ohun tí inú rẹ̀ ń dùn sí ni kó kó àkọsílẹ̀ rúdurùdu jọ, kó tò ó títí ohun téèyàn bá béèrè á fi jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá Wasfi, tó máa ń lọ jókòó sínú yàrá ẹ̀kọ́ rẹ̀, nìkan ló rí i sọ ọ́ fún.

Nínú pálọ̀, kọ́fí ti ń tutù.

"Bàbá Wasfi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé fóònù ò ní í pẹ́ lọ?"

"Mo ṣì ń sọ ọ́. Ẹ fún un láyè."

"Bí ọmọ mi ò bá wá ríṣẹ́ ńkọ́?"

Bàbá Wasfi di túbọ̀mu rẹ̀, iyì àgbà nílùú yẹn, mú. "Mo fi èyí búra níwájú gbogbo yín, yóò ríṣẹ́. Bí kò bá rí i, màá fá a, màá sì máa rìn kiri bẹ́ẹ̀."

Bàbá Haytham yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó gbé àwo dání. "Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

 "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ mu kọ́fí yín."

Ìyá rẹ̀ ò lè pa igbe ayọ̀ tó ti múra ẹ̀ sílẹ̀ mọ́ra. Ó ké e dé ìkòríta, àwọn aládùúgbò sì ń wá kí ọkọ ìyàwó fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Rudayna kọ́ṣẹ́ náà tán. Iṣẹ́ ò yọjú. Nizar ń tẹ̀ wọ́n láago, ó ń béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá Haytham ti ń mẹ́nu ba ilé oògùn. Bí Rudayna bá sì pàdé Bàbá Wasfi, orí bàbá náà ga sókè ni: "Iṣẹ́ ń bọ̀! Ọ̀nà ló jìn!"

Nígbà òtútù, àìsàn àyà dá Bàbá Wasfi gúnlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé ìwòsàn kan ní Amman gba Rudayna síṣẹ́, kó máa bójú tó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Ó sáré lọ bá a níbi tó dùbúlẹ̀ sí nílé ìwòsàn Irbid.

"Bàbá, mo ti ríṣẹ́! Iṣẹ́ àkọsílẹ̀!"

Ó rò pé á fọ́nnu. Kò fọ́nnu. Ó fi ọwọ́ bojú, omijé sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Rudayna, ẹ̀rù bà mí! Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sùn dáadáa. Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ á wà."

"Ẹ ò mọ̀? Ẹ sì búra níwájú gbogbo àgbà?"

"Ta ló lè mọ̀ ọ́n? Ojú rẹ ni mo mọ̀, bó ṣe máa ń rí tó o bá ń to nǹkan wọ̀nyẹn. Ká ní mo sọ pé mi ò mọ̀, ṣé bàbá rẹ á gbà?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá lé Rudayna jáde.

Bàbá Wasfi kú kí ààwẹ̀ tó wọlé. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀ ní Irbid, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Rudayna náà máa ń rín tirẹ̀, àárò rẹ̀ á sì máa sọ ọ́. Bàbá yẹn ò mọ ohun tí ọ̀la á bí, ẹ̀rù sì ń bà á, síbẹ̀ ó dúró fún un níwájú gbogbo ayé.