Awọ Kì í Ṣe Àǹkárá

Ọdún kejìlélógún rèé tí Limota, ìyá Nafisah, ti ń ránṣọ ní Ìkàrẹ́. Nígbà tó fẹ́ máa fi awọ sí àwọn àpò tó ń rán, ó rò pé ọ̀sẹ̀ kan ti tó láti kọ́ ọ. Ó lọ bá Bàbá Hámzàt, aránbàtà kan ní Ọ̀kà, tó ń fi ọwọ́ rán awọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìka rẹ̀ mẹ́ta ti wú, kò sì tíì rán àkọ̀ ọ̀bẹ kan yanjú. Ojú òwú iwájú àkọ̀ náà gún régé, ti ẹ̀yìn rí kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà oko. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Tú u."

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyí."

"Mo mọ̀. Tú u, Ìyá Nafisah."

Limota ju awọ náà sílẹ̀. "Ẹ kúkú sọ ohun tí mò ń ṣe tí kò dáa fún mi."

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ló ń dá òwú fà, bí ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Jẹ́ kí tòsì náà fà á."

Limota pòṣé, ó tún tú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ó fa òwú lọ́tùn-ún, ó fà á lósì bákan náà. Nígbà tó parí, ẹ̀yìn àkọ̀ ṣì wọ́ níbì kan, ṣùgbọ́n Bàbá ti ki ọ̀bẹ tirẹ̀ bọ inú àkọ̀ náà, kò sì dá a padà fún un mọ́.