Ohun Tó Ti Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ jáde nígbà tí mo ṣí agolo bisikíìtì màmá mi nínú ṣọ́ọ̀bù Uncle ní Lilburn, ní Georgia. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi gèlè àtijọ́ wé: àdúrà tí olóògbé bàbá mi gbà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ. Mo bẹ Màmá títí kó tó jẹ́ kó kúrò nílé rẹ̀ ní Jonesboro. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohùn Bàbá ṣì ń dún ketekete, Màmá á ní, "Káńfọ̀ mi ni."

Uncle, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni ọ̀gá mi nígbà náà. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá èròjà tí wọ́n lè fi bo ẹ̀tù ara téèpù, kí agbára òòfà tó di ohùn mú má baà dín kù. Ìjọba fún un ní pátẹ́ǹtì, pé òun ló ni ọgbọ́n náà. Àfi bí ilé-iṣẹ́ kan ṣe gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n ní èròjà yẹn ti wà nínú irú téèpù kan láyé àtijọ́. "Ta ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?" Inú ń bí Uncle. Lọ́yà rẹ̀ ní òfin ò bèèrè ẹni tó mọ̀. Bó bá ti wà níbẹ̀, kì í ṣe tuntun mọ́. Irú téèpù yẹn gan-an ni ti bàbá mi. Uncle ní ká yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a lójú pé a máa fi já wọn nírọ́.

Mo gé díẹ̀ bí èékánná níbi tí kò sí ohùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi èròjà inú nǹkan hàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí èròjà Uncle. Ọ̀rẹ́, kí n má parọ́ fún ọ, ó wá sí mi lọ́kàn kí n sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Wọ́n ní òótọ́ korò. Ọ̀fun mi ló mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn.

"Kí lo rí?"

"Uncle, ẹ má bínú, sà. I ran it three times. Ó wà níbẹ̀."

Ó jókòó. Mo rò pé á ní kí n pa ẹnu mọ́. Àmọ́ ó ní, "Call the lawyer. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ play ẹ̀ fún mi ná."

Ohùn bàbá mi kún inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń pe orúkọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. A tiẹ̀ gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀ kó tó ṣe àmín. Uncle bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "So, it works," ló sọ, èròjà náà ló ń wí.

Pátẹ́ǹtì náà lọ, ó sì ṣì ń dùn mí. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, Uncle dúpẹ́ nínú àdúrà lórí ẹni tó po ẹ̀tù téèpù yẹn, ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́. Títí dòní, Màmá ṣì ń sọ pé káńfọ̀ òun ni, mi ò sì bá a jiyàn. Ẹni tí a kò mọ̀ ló bá wa tọ́jú bàbá mi, òun náà ò sì mọ̀ pé òun ṣe é.