Métírọ́ọ̀nù Àbẹ̀kẹ́, Ẹni Tó Mú Wa Rin Ọ̀nà Aláìsàn

Háà, Métírọ́ọ̀nù! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gbéra, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí aláìsàn kan jáde nílé ìwòsàn láìbi í pé, "Ta ló ń dúró dè ẹ́ nílé? Kí lo máa jẹ?" Ó dìgbà o, Dèbórà Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ọlọ́fà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n yúnífọ́ọ̀mù funfun lẹ fi ja tiyín, ẹ sì dá gbogbo wa.

Èmi Ràsákì tí mò ń kọ èyí, òṣìṣẹ́ wẹ́ẹ́fíà ni mí, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran aláìní lọ́wọ́. Màmá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ lójú àwọn tó wá sin yín: n kò kọ́kọ́ fẹ́ràn yín. Ẹ máa ń pàṣẹ jù lójú mi. Nígbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé ìwòsàn yín wà lápá kan ìlú, ọ́fíìsì tèmi wà lápá kejì. Bí aláìsàn tí kò lówó ìtọ́jú bá dé ọ̀dọ̀ yín, àwọn nọ́ọ̀sì á ní kó lọ gbàwé lọ́dọ̀ wẹ́ẹ́fíà. Bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, èmi náà á ní, "Àìsàn lèyí, ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀." Báyìí la ṣe ń gbá Bàbá Búráímọ̀ kiri bíi bọ́ọ̀lù, àgbàlagbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tí àrùn rọpárọsẹ̀ sì mú lápá kan. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Múlíká, ló ń fi bárò tì í. Ọjọ́ tí obìnrin náà sọ pé òun ò wá mọ́, pé kí bàbá kúkú kú sílé, ojú yín pọ́n.

Ìjọba ti ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan jókòó ṣètò ìlera alábọ́dé tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ pé nílé ìwòsàn yín: káńsẹ́lọ̀, dókítà, àwọn magàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé, èmi náà pẹ̀lú báírò létí. Ẹ dìde, ẹ ní, "Ẹ dákun, ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ohun tí a fẹ́ kọ yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn ín." Àṣé ẹ ti lọ bẹ Ìyá Múlíká. Bàbá wà nínú bárò níta. Gbogbo wa gba inú oòrùn lọ, káńsẹ́lọ̀ ká agbádá sórí èjìká, ó ń ti bárò, ó ń mí hẹlẹ. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì wẹ́ẹ́fíà, obìnrin kan tó pọn ọmọ wà lórí pèpéle, ilẹ̀kùn sì wà ní títì pa. Magàjí kan bínú: "Ta ló ń ṣiṣẹ́ níbí? Níbo ló wà?"

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìní, mo wá ń ṣèpàdé lórí aláìní.

Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Ẹ̀yin lẹ gbà mí sílẹ̀. Ẹ ní, "Ràsákì, kì í ṣe ìwọ nìkan. Ibi tí a gbé tábìlì rẹ sí ni kò dáa." Orí pèpéle yẹn la ti parí ìpàdé. Tábìlì mi kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín nílé ìwòsàn, níwájú bẹ́ńṣì àwọn aláìsàn. Ẹnì kan, káàdì kan, a ó kọ àìsàn rẹ̀ síbẹ̀, a ó kọ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ pẹ̀lú, nítorí ẹ máa ń sọ pé oògùn kì í jẹ́ fún ẹni tí ebi ń pa. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì yan ẹni tí yóò máa yẹ àwọn arúgbó wò.

Nọ́ọ̀sì ń lọ na ẹsẹ̀ Bàbá Búráímọ̀ nílé, ọmọ àdúgbò kan tó jẹ́ káfíńtà kan igi ìdìmú mọ́ ògiri fún un. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó fi ọ̀pá rìn dé mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà lẹ dúró létí títì tí ẹ ń pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ràn yín gan-an lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àìsàn wá kan ẹ̀yin fúnra yín, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo wá jókòó tì yín. Ẹ lajú, ẹ ní, "Ta ló wà nídìí tábìlì?" Mo ní kò sẹ́nì kan. "Dìde ńbẹ̀! Àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì yẹn, ta ni wọ́n ní?" Mo lọ.

Ìdí tábìlì náà ni ìròyìn ikú yín ti bá mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbé ìyá rẹ̀ wá láti Òjòkú wà níwájú mi. Mo parí káàdì ìyá náà, mo mú un dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo padà wá jókòó. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Bẹ́ńṣì kún láàárọ̀ tí mò ń kọ èyí, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Ẹ fi wá sílẹ̀ nídìí tábìlì yìí, Màmá, a ò ní í dìde. Ẹ sùn re o, Àbẹ̀kẹ́.