Sàká Tó Wọlé Àwa Ará Àbíján

Mo rántí ìgbà tí òórùn ata díndín kì í jáde nílé mi rárá. Kì í kúkú ṣe pé a kò rí owó òróró. Àwa fúnra wa la pinnu pé ata bíbọ̀ tó wa, pé òróró ń jẹ owó, pé ẹni tó bá ń ro ọ̀la kì í ro ẹnu. Àbíján ni mo ti kọ́ irú ọgbọ́n yẹn. Ọkọ mi ń tún mọ́tò ṣe níbẹ̀, èmi ń ta ìkòkò àti abọ́, iyàrá kan ṣoṣo la sì ń bá àwọn ọmọ wa gbé. Bí àwọn obìnrin Ẹ̀jìgbò ẹgbẹ́ mi bá ń ra góòlù sọ́rùn láti fi lọ ṣọdún nílé, ńṣe ni èmi máa ń jókòó rán ìdí ṣòkòtò ọkọ mi tó ti ya. Wọ́n ń pè mí ní ahun. Ó ń dùn mí o, ṣùgbọ́n mo ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Ohun tí mo ń lé ni pé ká tètè fẹ̀yìntì. Mo ti rí àwọn tó lo agbára wọn tán nílẹ̀ onílẹ̀, tó jẹ́ pé orí ibùsùn ni wọ́n ti wá ń wo ilé tí wọ́n kọ́. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé nígbà tí ẹsẹ̀ wa ṣì lè gbé wa." Òun kì í ṣe aláriwo. Á ní, "Ó dáa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Bí àwọn ọmọ ṣe dàgbà tán tí wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́, a palẹ̀ mọ́, a padà sí Ẹ̀jìgbò. Ewú kò tíì pọ̀ lórí ọkọ mi nígbà náà.

Àwọn ará ilé kí wa káàbọ̀ dáadáa, àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Ìgbà wo lẹ ń padà?" Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti Àbíján dé, ọdún ló wá ṣe. Yóò náwó, yóò ya fọ́tò, yóò lọ. A ní a kò padà mọ́, a ti fẹ̀yìntì. Ará ilé kan wo apá ọkọ mi tó yi, ó ní, "Apá yìí náà ló fẹ̀yìntì?" Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń sọ pé wọ́n lé wa kúrò níbẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní òwò mi ló dẹnu kọlẹ̀. Mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní wọn ò lajú ni.

A kò sì fẹ́ jókòó kí oríkèé wa dì. Ọkọ mi dá oko ẹ̀gẹ́ sí Ìsúńdúnrin, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn ín, torí pé ìrìn ń mú ara le. Àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró fún un, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ gùn ún, ọ̀fẹ́ ni." Èmi náà máa ń rìn lọ sí ọ̀nà Másífà láràárọ̀, nínú bùbá kan náà tí mo wọ̀ gbó ní Àbíján. Ta ni mo fẹ́ wọ tuntun fún lójú ọ̀nà? Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ á kó ọsàn lé mi lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ẹ gbà, Ìyá, ẹ fi panu." Ẹ wá wò mí! Mo ń pe àwọn ọmọ lórí fóònù, mo ń sọ fún wọn pé ará ilé wa yawọ́, pé ìfẹ́ ń bẹ ní Ẹ̀jìgbò. Àánú wa ló ń ṣe àwọn ará ilé, èmi ń pè é ní ìfẹ́. Bóyá ìfẹ́ náà sì ni, mi ò mọ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la wà títí ààwẹ̀ fi ń parí lọ. Nígbà tí ìtúnu ku ọ̀la, ní ìrọ̀lẹ́, bàbá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ọkọ mi, tí wọ́n máa ń bá mọ́ṣáláṣí àdúgbò pín sàká, kan ilẹ̀kùn wa. Àpò àgbàdo kékeré kan wà léjìká wọn. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ru ẹrù?" Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ní, "Má tijú, ìyàwó. Sàká ni. Kò sí ẹni tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ọlọ́run á tún ti yín ṣe."

Sàká tí à ń fún aláìní kí òun náà lè rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ ọdún! Tiwa, ọkọ mi ti gbé e fún lemọ́mù Ìsúńdúnrin láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì sí ará àdúgbò tó rí i. Bí mo bá ní a kò fẹ́, mo tàbùkù àgbà. Bí mo bá gbà á, mo gba ẹ̀tọ́ aláìní, èmi tí mo lówó ní báńkì. Níbi tí mo ti ń rò ó síwá sẹ́yìn, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni, "Ẹ ṣé o, bàbá." Haa!

Ọkọ mi ti oko dé, ó bá àpò nílẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Sàká. Èmi. Gbogbo ayé mi ni mo fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò kí n má baà tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìlú mi wá fún mi ní sàká." Ó ní bí ọdún bá ti kọjá, òun ń padà sí Àbíján, níbi tí wọ́n ti mọ òun sí ọ̀gá. Ó wọ yàrá, mo sì gbọ́ tí ó ń fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo ọdún tí a fi jẹ ata bíbọ̀, ṣé kí ọkọ mi lè tún padà sábẹ́ mọ́tò ni? Orí mi dàrú. Mo ń wá ibi tí a ti ṣì í, mi ò rí i. A ò jalè, a ò yáwó, a ò tọrọ. Kí la wá ṣe?

Mo ní ó kéré tán, n ó gbé àpò náà fún ẹni tó tọ́ sí kí oòrùn tó wọ̀. Mo gbé e lérí, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró. Ta ni n ó gbé e fún? Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Ìlú tí wọ́n bí mi sí rèé, mi ò mọ ẹnì kan ṣoṣo tí ìkòkò rẹ̀ ṣófo. Mi ò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, mi ò mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú. Iye tí wọ́n ń ta gààrí ní gbogbo ọjà tó yí wa ká ni mo mọ̀.

Ni mo bá gba ilé bàbá náà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n bi mí léèrè:

"Ṣé kì í ṣe ebi ló ń pa yín?"

"Rárá o, bàbá. A ń tọ́jú owó ni."

"Ẹ ń tọ́jú owó de kí ni?"

"De ìgbà tí a bá fẹ̀yìntì."

"Ṣé ẹ ò tíì fẹ̀yìntì ni?"

Wàláì, kò tíì sọ sí mi lọ́kàn rí pé ọjọ́ tí a ń tọ́jú owó dè ti dé láti ọdún tó kọjá.

Bàbá náà mi orí. Wọ́n ní kí n gbé àpò náà fún ìyá tó ń pa èkùrọ́ lẹ́yìn ọgbà mi. "Ìpín tiwọn ni," wọ́n ní. "Àwọn ni wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n gbé e fún yín."

Ìyá yẹn! Ìró òkúta wọn lórí èkùrọ́ ló máa ń jí mi. Mo kàn ń nawọ́ kí wọn láti ojú fèrèsé ni, mi ò tẹ ẹnu ọ̀nà wọn rí. Mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí láàárín èèpo èkùrọ́. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi yọ oúnjẹ lẹ́nu ara wọn fún wa. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé, mi ò gbọ́ òórùn ọbẹ̀ nílé yín rí. Èmi, bí mi ò tiẹ̀ ní nǹkan kan, mo ní àdín tí mo lè fi jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ká máa gbé ẹ̀gbẹ́ ara wa, kí ebi máa pa yín, kí n sì máa ṣọdún? Kò dáa."

Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé a lówó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí wọn. "Yéè! Ẹ lówó, ẹ wá ń jẹ ata bíbọ̀! Ṣé ẹ̀jẹ́ lẹ jẹ́ ni?" Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mi ò mọ èwo ni mo ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní gba àpò náà àfi bí mo bá ṣèlérí pé n ó din ata lọ́jọ́ ọdún, àwọn á sì gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ibi tí àwọn jókòó sí.

Lọ́jọ́ ọdún, mo pa adìyẹ. Mo da òróró sí agbada láìwọ̀n ọ́n, mo ń bojú wẹ̀yìn bí olè. Ọkọ mi ti Yídì dé, ó fajú ro, àpótí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ata ta sí i nímú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ìgbà náà ni ohùn ìyá dún láti ẹ̀yìn ọgbà: "Ìyàwó! Ó ti dé ọ̀dọ̀ mi o! Iyọ̀ ńkọ́?" Ọkọ mi wò mí, ó wo agbada, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ pe ìyá náà wá jẹun, kí wọ́n tó rán iyọ̀ sí wa." Wọ́n wá. Àwọn ni àlejò àkọ́kọ́ tó jókòó jẹun nílé wa láti ìgbà tí a ti dé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo fi ẹsẹ̀ ti àpótí náà padà sí yàrá díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi rí mi, ó yà lọ́nà fún mi.

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n la gbọ́n ní Àbíján tàbí agọ̀ la gọ̀. Bí mo bá rí ọkọ mi tó gbé ọkọ́ lé èjìká, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ mọ́tò, mo máa ń ní ọgbọ́n ni. Bí àwọn ọmọ bá sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù pé ilé aládùúgbò ní Àbíján ni àwọn ti kọ́kọ́ jẹ ẹran díndín, gbogbo rẹ̀ á tún dàrú mọ́ mi lójú. Ìyá ẹ̀yìn ọgbà tiẹ̀ ní àwọn ò gbà pé ìwà ahun ń tètè kúrò lára ènìyàn. Bí wọn ò bá ti gbọ́ òórùn, wọ́n á fi òkúta èkùrọ́ gbá ọgbà. Láàárọ̀ yìí náà, wọ́n gbá a. Mo dìde, mo ṣí fèrèsé, mo gbé agbada kaná.