Àwọ̀n Tí Mo Ha Kúrò Lójú Egbò Ọkọ Mi

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lórí símẹ́ńtì. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ọ̀nà Ìgbàyè dé, ó ń béèrè omi mímu, ìṣó sì ti gún bàtà rẹ̀ já, ó wọnú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀. Mo fà á yọ tán, ó tún ń bi mí bóyá mo ti yọ ọ́.

Dókítà kan ní Ìkìrun sọ pé àtọ̀gbẹ, tí gbogbo wa ń pè ní ṣúgà, ti pa iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ náà. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ lè tẹ iná mọ́lẹ̀ kó má mọ̀. Oṣù mẹ́rin la fi ń wọkọ̀ láti Inísà lọ síbẹ̀, à ń jókòó lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan, egbò ò sì jinná. Ó sú mi. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ níwèé, ẹsẹ̀ kan wá ń ṣorí kunkun sí mi. Wọ́n ní bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àwọn á gé e.

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì, Rọ́nkẹ́, ló gbé àwọ̀n kan wá. Wọ́n sọ fún wa pé ìdánwò ni, a fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ ló fi tẹ̀ ẹ́ jáde, fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ, ó tò wọ́n ní ìlà ìlà. Ó ní sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tí ara fi ń kọ́ ara rẹ̀, kì í mọ̀nà nínú egbò tó jìn. Wọ́n nílò ohun tí wọ́n máa gùn. Ọkọ mi ní bí iṣu ṣe ń gun ọ̀pá nìyẹn. Rọ́nkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, pé tí ẹran bá ti hù kún ibẹ̀, àwọ̀n náà á yọ́ fúnra rẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Ìyá mi ní Òkukù ló kọ́ mi pé egbò tí kò bá mọ́ kì í jinná, omi oníyọ̀ ni ká fi fọ̀ ọ́ títí á fi pọ́n. Lọ́jọ́ karùn-ún tí Rọ́nkẹ́ tẹ́ àwọ̀n náà sínú egbò, mo rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ojú egbò, ó dà bí ọyún. Mo ha á kúrò tán kí n tó rí i pé àwọ̀n náà ni. Ọkọ mi ń ka Bíbélì rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Nígbà tí Rọ́nkẹ́ béèrè, mo ní ó ṣí fúnra rẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní á jẹ́ pé kò di ara mú, òun á tún un ṣe, òun á to fọ́nrán rẹ̀ súnmọ́ra sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe wàhálà yẹn, ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù sì ń dúdú lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ máa bá a. Tèmi ò pé oṣù kan. Ó mú tuntun dé, ó ní ẹ̀rù ń ba òun díẹ̀, pé àlàfo inú rẹ̀ há, sẹ́ẹ̀lì lè má ráyè wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n mìíràn nígbà tí àkọ́kọ́ ti ṣí. Nọ́ọ̀sì ti mú ọkọ mi lọ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi, kò ṣí. Èmi ni mo ha á."

Ó dá tuntun náà padà sínú ike. "Mọ́mì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mo ti fẹ́ẹ́ fi èyí tí ò dáa rọ́pò èyí tó dáa."

Irú ti àkọ́kọ́ ló tún fi sí i. A ò fọ nǹkan kan mọ́, wíwò là ń wò. Oṣù méjì kọjá kí ẹran pupa tó kún ibẹ̀, kí awọ tó bò ó. Wọ́n gé ìka tó dúdú yẹn, ẹsẹ̀ dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú aláìsàn, tẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó ku ọ̀la ká ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo tó sọ fún ọkọ mi. Mo sọ ti àwọ̀n, mo sọ ti irọ́, mo sọ ti ìka. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ dìde. Ó wá na ẹsẹ̀ náà sí mi.

"Ìyá Bọ́lá, bá mi fi ìpara pa á. Bí nǹkan bá gún un, èmi ò lè mọ̀. Ìwọ ni kó o máa bá mi mọ̀ ọ́n."

Mo gbé e lé itan mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dúpẹ́.