Bọ́tìnnì Tí Mo Ń Sá Fún

Ẹja gbígbẹ ni mo ń tà ní Kubwa, ẹnu mi sì mú ju egungun rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Jikwoyi ló dìde nínú ìpàdé ọmọ ìlú wa, ó ní iyanrìn inú ẹja mi tó kọ́lé. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ oṣù mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Oṣù mẹ́ta yẹn ni mo fi ń kọ èsì sórí fóònù mi, ìka kan ṣoṣo, láàárín oníbàárà kan sí òmíràn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà; èébú ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, inú mi rọ̀, mo kọ ẹ̀bẹ̀ sí ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni mo gbọ́ pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó bá mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń kó padà sí ìlú wa pátápátá. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbé e. Mo ní kí n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Mo ṣí i, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yọ: “Ìwọ ẹlẹ́nu bí agogo fífọ́ yìí…” Fóònù gan pa. Mo pa á, mo tàn án. Agogo fífọ́ tún yọ, ó tún gan. Èébú mi wá dà bí ajá tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu géètì, tí onílé fúnra rẹ̀ ò lè jáde.

Ọmọ mi obìnrin, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti ibi iṣẹ́ dé.

“Mọ́mì, kí lẹ fi fóònù yìí ṣe?”

“Mo fi se ọbẹ̀ ni. Bá mi wò ó.”

Ó ní bóyá lẹ́tà náà ló gùn jù. Ó ṣí àwọn orin ìjọ wa tó wà níbẹ̀, tó gùn tó lẹ́tà mi lọ́nà méjì; wọ́n ṣí wẹ́rẹ́. Ó wá gbé lẹ́tà náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Mọ́mì! Ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo èyí! Fóònù fẹ́ wọn ìlà náà tán kó tó fi ìyókù hàn yín, ibẹ̀ ló ń dákú sí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tẹ bọ́tìnnì ìlà tuntun?”

Mo jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo ra fóònù, mo ń kọ̀wé sí àwọn obìnrin ìjọ: “Mo ti mọ ẹni tó jí ṣíbí wa. Ìyàwó pásítọ̀…” Mo tẹ bọ́tìnnì yẹn kí n tó kọ “ló sọ fún mi”. Ó lọ bẹ́ẹ̀. Látọjọ́ náà, ejò paramọ́lẹ̀ ni lójú mi.

“Èyí ò ní lọ síbì kankan,” lọmọ mi wí. “Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti ń parí. Ẹ gé e.”

Ó jókòó tì mí nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ń kà, mo ń tẹ bọ́tìnnì náà. Àwọn èébú àkọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, mo kan èyí tí mo fi ikú ọkọ rẹ̀ bú u. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àwa méjèèjì.

“Mọ́mì, ṣé èyí náà máa lọ?”

Mo pa á rẹ́. Mo pa gbogbo tòkè rẹ́, ó ku ìdí rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi, iyanrìn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ láìfojú kàn mí.”

A fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi dáhùn: “Mú ẹja wá láàárọ̀. Kó o fọ̀ ọ́.”